Orúkọ Tó Kẹ̀yìn sí Ọ̀gá Norris

Ta ni kò mọ Septimus Norris ní Lọ́ńdọ̀nù? Norris Baba Iwin, Ọ̀kan-ṣoṣo-àjànàkú tí í yàwòrán sínú ìwé àlọ́! Ẹ̀wù àrán ló ń wọ̀ nínú ooru. Kó tó jáde láràárọ̀, á ti ìka bọ yíǹkì, káyé lè rí i pé ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀.

Àmọ́ yàrá ẹ̀yìn niṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni Hester Pinnock, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ti ń ya iwin àti òmìrán sórí pákó ìtẹ̀wé títí ojú fi ń ta á. Òun náà ló ń kọ orúkọ Norris sí ìsàlẹ̀ wọn.

Lọ́dún kẹsàn-án tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, Hester ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kórúkọ mi wà nínú ìwé tuntun yìí. Kó kéré bí èèrà, ó tó mi."

"Orúkọ rẹ kẹ̀? Wọ́n á rí orúkọ obìnrin, wọ́n á rò pé ìwé ọbẹ̀ sísè ni!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Hester wọra.

Ní Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Gedge tó ń tẹ ìwé náà pe àwọn òǹtàwé wá mu tíì, kí wọ́n wá wo bí àwòrán ṣe ń dé inú ìwé. Ìyáàfin Tuttle, ọ̀kan nínú wọn, bẹ Norris pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sórí pákó fún àwọn.

"Ìyẹn nìkan? Ẹ gbé e wá!" Ó kọ NORRIS gàdàgbà, ó fi ìrù sí i.

Hester, tó wà nídìí tábìlì kan níbẹ̀, rí i. Ó yíjú sápá kan.

Josiah agbẹ́pákó wo pákó, ó wo Norris. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kí n gbẹ́ ẹ, Ọ̀gá?"

"Bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́!"

Josiah gbẹ́ ẹ, ó fi yíǹkì pa á, ó tẹ bébà mọ́ ọn. Ìyáàfin Tuttle gbé e sójú. "Sir... Sirron. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ gan-an mọ̀ pé àkọyípadà, bí ìgbà téèyàn wo inú dígí, là ń kọ ọ̀rọ̀ sórí pákó, kó tó lè jáde dáadáa lórí bébà. Irọ́ tó ti ń rìn láti ọdún mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú kan lòótọ́ fi lé e bá.

Gedge ò rẹ́rìn-ín. "Norris, ta ló ti ń bá ọ kọ orúkọ rẹ?"

"Ó... ó rẹ̀ mí ni. Pákó yìí ò dáa!"

Hester ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó gba pẹ́ńsù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí pákó mìíràn láti ọ̀tún sí òsì, ó sì ya iwin kan tó ń yọ ahọ́n jókòó lé e lórí. Josiah gbẹ́ ẹ, ó tẹ̀ ẹ́. HESTER PINNOCK, gún régé.

"Èyí ló máa wà lójú èèpo ìwé," ni Gedge wí.

Gbogbo wọn ya bo tábìlì Hester. Norris ń na ọrùn lẹ́yìn èrò, bóyá òun náà á rí nǹkan. Ẹni tó wọlé ní ayàwòrán, awòran ló bá jáde.