Kọ́kọ́rọ́ Ilé Lọ́ńdọ̀nù

Zúbàírù kò lè rí èèyàn mẹ́ta níbi kan kí ó má fọ́nnu. Bí ẹ bá ní eyín ń ro yín, á ní tòun ló kọ́kọ́ ro òun, pé dókítà mẹ́ta ni kò rí irú rẹ̀ rí. Bí òjò bá rọ̀ sí Aboabo, àdúgbò wa ní Kumasi, á ní àgbàlá òun ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi kì í fi aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìfọ́nnu kì í ṣe àìsàn. Ọwọ́ ara ẹni ni èèyàn fi ń mú un.

Aṣọ òkìrìkà ni ó ń tà ní ọjà Krofrom, èyí tí àwọn ará Kumasi ń pè ní òbúrónì wáwú. Nínú aṣọ náà, kóòtù òtútù ló yàn láàyò, kóòtù tó nípọn bíi tìmùtìmù, ní ìlú tí oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yan àgbàdo lórí ìdúró. Ní ọjọ́ kan tí ó tú bélì aṣọ tuntun, ó ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù kan, ó sì bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n kọ òyìnbó sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà 14, wọ́n sì ya ìlà búlúù tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí omi.

Zúbàírù kò mọ òyìnbó kà. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi gan-an ti lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ̀ pé A yàtọ̀ sí àkàbà. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni kí a má mọ̀ kí a má sì béèrè. Kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà, ó ti fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, ó ti fi ẹnu ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù. Yàrá mẹ́rìnlá ni, etí omi ló sì wà. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Zúbàírù kò rí ilé, ó ti sọ ilé lórúkọ: Dárúsàlámù ló pè é.

Bí kì í bá ṣe ti òrùlé mọ́ṣáláṣí ni, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Mọ́ṣáláṣí wa ní Aboabo ń jò débi pé bí a bá forí balẹ̀ nígbà òjò, omi á tún àlùwàlá ṣe fún wa. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ dá owó páànù, Zúbàírù dìde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé bí òun bá ti ta ilé Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ni yóò kan òrùlé náà. Ariwo Àláhù Àkúbárù sọ lálá. Gbogbo ẹni tó ti fa owó yọ dá a padà sápò kíá. Àlùfáà Sàlísù, lémọ́ọ̀mù wa, wá ní ọjọ́ tí owó páànù bá délẹ̀ ni a óò wé láwàní Bàbá Àdínnì fún Zúbàírù. Oyè tí ó ti ń lé kiri láti ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Oṣù kan kọjá, méjì kọjá, òjò ń sún mọ́lé. Zúbàírù gbọ́ lórí rédíò pé ọjà ilé ti dákú nílùú òyìnbó, pé ẹni tó fẹ́ tà jókòó, ẹni tó fẹ́ rà ń wò ó. N kò rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ìròyìn burúkú tó báyẹn rí. Bí a bá ti béèrè páànù, á mi orí bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, á ní ọjà ló tutù. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn òyìnbó tí kò wá ra ilé rẹ̀.

Ohun tí ó gbàgbé ni irú èèyàn tí àwa jẹ́. Bí ọjà bá kùtà mọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ní Kumasi, a kì í kí i kú ìyà lásán. Àdúà la ń ṣe sí ọjà náà, ẹni tí a sì ń ṣàdúà fún ló ń ṣe sàráà. Ní Jímọ́ kìíní, àlùfáà méje jókòó yí kọ́kọ́rọ́ ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, wọ́n ka Yáásíìn. Kéwú ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ òyìnbó. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà ńkọ́? Zúbàírù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ike náà títí wọ́n fi ṣàmín. Lẹ́yìn náà ó pa àgbò kan. Lọ́ńdọ̀nù kò mira. Ní Jímọ́ kejì, Àlùfáà ní yàrá mẹ́rìnlá ju àgbò kan lọ, ó bá pa méjì. Ní Jímọ́ kẹta, a kó ogójì ọmọ iléèwé kéwú kún un, Zúbàírù sì ta alùpùpù rẹ̀ kí màsà, àkàrà ìrẹsì sàráà, lè kárí. Mo rí àwọn àgbà kan níbẹ̀ tí ètè wọn ń bẹ Ọlọ́run kí ilé tà, tí ikùn wọn ń bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró di Jímọ́ mìíràn.

Sàbírátù, Ìyá Súnnà wa, tó ti ń ta gàrí ní Krofrom fún ọgbọ̀n ọdún, ló fi orúkọ ọmọ pe Zúbàírù, ó sì dá a lábàá.

"Bàbá Bàrákàt, ẹ dín in kù. Ọjà tí kò bá yá, ènì la fi ń tà á."

"Ilé ni mo ń tà, Ìyá Súnnà. Kì í ṣe gàrí."

"Ẹ fi yàrá kan ṣe ènì, kí a rí páànù kàn."

Ó dín in kù díẹ̀. Àwọn obìnrin ní kò tíì tó. Báyìí la bẹ̀rẹ̀ sí í ná ilé Lọ́ńdọ̀nù ní Aboabo láìsí oníbàárà kankan ní tòsí, títí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ dé iye tí kò lè ra ṣọ́ọ̀bù méjì ní Krofrom. Zúbàírù gbà, nítorí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò rà á. Ó tilẹ̀ fi kóòtù mẹ́ta ṣe ènì.

Ibi tí ó ti rí oníbàárà nìyẹn.

Efua, ọmọ Asante tó dàgbà sí agbolé àwọn Yorùbá ní Tafo nítòsí wa, tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tiwa lọ, ti lo ogún ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá rẹ̀ ni ó wá kí tí ó fi gbọ́ iye ilé náà. Ní Jímọ́ kẹrin, ó gbé owó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí nínú báàgì. Òjò ti ṣú. Àlùfáà Sàlísù ti ká láwàní funfun sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè parí lẹ́ẹ̀kan.

Zúbàírù rí báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Ó ní ayálégbé wà nínú ilé. Efua ní òun yóò bá ayálégbé sọ ọ́. Ó ní ìwé ilé wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Efua ní kí ó dárúkọ lọ́yà. Ó ní kí òun má purọ́, iwin wà nínú ilé náà. Àlùfáà ní Yáásíìn Jímọ́ mẹ́ta ti lé iwin yẹn lọ. Zúbàírù wá ní òun fẹ́ràn ilé náà jù, òun kò lè tà á mọ́.

"Ẹ̀yin ni ẹ jẹ́ kí a jẹ àgbò mẹ́ta lé e lórí," Ìyá Súnnà dá a lóhùn.

Àlùfáà kò dúró mọ́. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló bọ́ okùn náà kúrò lọ́rùn Zúbàírù, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé Efua lọ́wọ́. Efua wo ojú ike, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá wo Zúbàírù.

"Àgbà, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ilé mi ni."

"Orúkọ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n kọ síbí. Àwọn aráàlú ló ń sanwó lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Bí èèyàn bá bọ́ṣọ, wọ́n á fún un ní àpótí kékeré kan lára ògiri kí ó kó o sí. Kọ́kọ́rọ́ àpótí kẹrìnlá nìyí." Ó fi ọwọ́ wọn bí ó ti tó: adìyẹ kan lè sàba níbẹ̀ bí kò bá na ẹsẹ̀. Ó tún ka ìlà ìsàlẹ̀. "Wọ́n ní kí ẹni tó bá rí i jọ̀wọ́ dá a padà."

Ìyá Súnnà na ọrùn wo ike náà.

"Inú àpótí yẹn," Ìyá Súnnà béèrè, "ni ayálégbé ń gbé?"

Àlùfáà Sàlísù tún láwàní náà ká kí ó kéré, ó tì í sábẹ́ itan, ó sì ní kí wọ́n lọ gbé igbá tí a fi ń dáwó wá. Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀. Òrùlé jò, omi kán sórí fìlà Zúbàírù, tó, tó, tó. Ó gbójú sókè. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì wò wá yíká. Mo rò pé yóò tọrọ àforíjì ni.

"Ṣé ẹ wá rí i," ó ní, "mo ti ń sọ fún yín láti ọjọ́ kìíní pé etí omi ló wà."