Ìwé Tó Gbé Akíntúndé Wọ Kọ́bọ́ọ̀dù

Wọ́n gbé Akíntúndé tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ní Yeoville, ní Johannesburg, jáde nílé tòun ti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìwé ló fà á.

Lọ́dún 2009, ilé-ìwé fún Olúwapẹ̀lúmi ọmọ rẹ̀ ní ìwé ìtàn kan nípa Johannesburg àtijọ́, kó ṣàlàyé bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe gbé ayé. Láyé àtijọ́ tí ìwé náà ń sọ, aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ rìn nígboro láìmú páàsì, ìwé àṣẹ ìjọba, dání. Télọ̀ kan nínú ìwé náà ò ní tiẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá ti dé, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kó sí.

"Mú un wá, kí n bá ẹ kà á," ni Akíntúndé wí.

"Daddy, it's my homework."

"Homework kì í ju bàbá lọ."

Ó gbà á, kò dá a padà mọ́. Tó bá ń wa mọ́tò, bí robot, iná ojú títì, bá ti pọ́n, á ṣí ìwé. Kó tó gbójú sókè, robot á tún ti pọ́n, mọ́tò ẹ̀yìn á máa fọn pàà-pàà-pàà. Ó wá gé irun lọ́dọ̀ mi, ó bi mí bóyá páàsì mi wà lápò.

"Bọ̀ọ̀dá, ọdún wo la wà?"

Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, oorun gbé e lọ, ìwé lórí àyà. Gbà, gbà, gbà! "Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Kí ojú ẹ̀ tó là tán, ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ìkọ́ ìta há, kẹ́.

Àṣé Magdalene, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Soweto, ti fi kọ́bọ́ọ̀dù náà ta àǹtí ẹ̀ lọ́rẹ, kò sì tíì sọ fọ́kọ. Àwọn tó fẹ́ gbé e ló dé.

"Òun nìyẹn," ni Magdalene wí. "Ẹ máa gbé e lọ."

Akíntúndé gbọ́ ọ nínú òkùnkùn. Lójú tiẹ̀, ìyàwó tó fẹ́ sílé ló fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Gbì, gbì, gbì lórí àtẹ̀gùn.

"Eish, òkúta ni wọ́n kó sínú ẹ̀ ni?"

"Aṣọ àwọn ará Nàìjíríà ni. Ó máa ń wúwo."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni kánfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò aṣọ ti wọ̀ ọ́ nímú. Háàṣíìn!

Wọ́n ju kọ́bọ́ọ̀dù sílẹ̀, gbàgàdà. Ọ̀kan sá gba Rockey Street. Èkejì kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó bí ẹni fẹ́ gé irun. Orí ẹ̀ pá kanlẹ̀.

Ìkọ́ já. Akíntúndé yọ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Permit mi wà lókè!"

Ẹ̀rín ń pa mí! Ẹ̀rọ ìgẹrun ọwọ́ mi la títì márosẹ̀ sórí oníbàárà tí mò ń gé irun fún lọ́wọ́.

Àǹtí tí Magdalene fi kọ́bọ́ọ̀dù ta lọ́rẹ, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún, ń dúró de ẹrù ẹ̀ nínú bakkie, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Olúwapẹ̀lúmi sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ro ìtàn télọ̀ náà fún un.

Ìyá náà mi orí. "Ta ló kọ ìwé yẹn? Kọ́bọ́ọ̀dù ni ọlọ́pàá kọ́kọ́ máa ń wò láyé wa."

"Níbo lẹ̀yin wá ń sá sí, Mà?" ni Akíntúndé bèèrè. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ọkọ mi kì í sá. Ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ló ń lọ, á máa fọ mọ́tò wọn. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bi í ní páàsì. Tíì ni wọ́n ń fún un."