Àgbà Tí Mo Kí Nínú Yàrá Ìdánwò

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi hu ewú. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ńṣe ni mo máa ń dá rẹ́rìn-ín, àwọn òyìnbó á sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwé ni mo wá kà ní Toronto. Kọ̀ǹpútà àti nọ́ọ̀sì làwọn ẹgbẹ́ mi ń kà, èmi lọ dì mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, èyí tí àwọn tó ni ín fúnra wọn ò gbọ́ mọ́. Ọgbọ́n ni mo sì kọ ìwé lé lórí: kí làwọn ará ìgbà náà ń pè ní ọgbọ́n, ta ni wọ́n sì ń pè ní ọlọ́gbọ́n.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, torí ó dà bíi pé ilé wa ni mo wà. Àwọn èèyàn yẹn ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń pe arúgbó, òun náà ni wọ́n tún fi ń pe ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ní àyà ọlọ́gbọ́n dà bí àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, pé kì í yánu kó tó mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo tún ki ọ̀rọ̀ tí bàbá bàbá mi máa ń sọ bọ̀ ọ́, pé ewú ni ẹ̀rí ọgbọ́n.

Ó wá ku ìdánwò àfẹnusọ. Yunifásítì míì ni olùdánwò ti ń bọ̀, orúkọ bàbá ẹ̀ nìkan ni mo sì rí nínú ímeèlì. Bí mo bá fìdí rẹmi, ilé ìwé á yọ orúkọ mi kúrò, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé Canada á sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ màmá mi ti ṣe ìdúpẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì n'Ìbàdàn. Àárọ̀ ọjọ́ náà, Auntie Bọ́lá tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Malton, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Toronto, kìlọ̀ fún mi. "Tó o bá ti wọlé, wá ẹni tó dàgbà jù, kó o kí wọn dáadáa. Àgbà kì í gbàgbé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un."

Èèyàn méjì ni mo bá nínú yàrá. Bàbá kan jókòó, orí wọn funfun báláú, irùngbọ̀n wọn ń kan àyà. Ọmọbìnrin kan tó wọ jíǹsì ń to àga. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé ẹni tó bá gbọ́ èdè tó ti kú, òun náà á ti sún mọ́ ọ̀run díẹ̀. Ni mo bá ń dọ̀bálẹ̀. Mi ò nà tán o, mo kàn fọwọ́ kan ilẹ̀ ni. Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ tábìlì.

"Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín?" wọ́n bi mí.

Mo ní kò sí, sà. Ìrẹ̀lẹ̀ wọn wú mi lórí gan-an.

Mo bọ́ kóòtù mi, yìnyín ń kán lára ẹ̀, mo gbé e lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. "Jọ̀ọ́, bá mi fi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni..."

"Má ṣèyọnu, a máa sọ̀rọ̀ tá a bá parí. Ṣé a lè rómi mu níbí?"

Ó wò mí, ó wo kóòtù, ó sì lọ bu omi wá.

Ni mo bá kọjú sí bàbá, mo da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń mi orí, bí wọ́n ṣe ń mi orí ni inú mi ń dùn. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé ewú ni ẹ̀rí ọgbọ́n, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi júwe orí wọn. Bàbá fọwọ́ pa irun wọn. Mo parí, mo ní kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn," wọ́n ní, "àmọ́ híta ni mo wá tún ṣe. Èmi lẹ̀ ń wò ṣáá, mi ò fẹ́ dìde kó má dà bíi pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ síbi ògiri.

Ojú tì mí débi pé òógùn bò mí nínú yàrá tí híta ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà jókòó síbi tí bàbá dìde, ó ṣí ìwé mi. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé ọlọ́gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ kó tó mọ ẹni tó ń bá sọ ọ́. Ṣé ẹ gba ohun tẹ́ ẹ kọ gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, mà. Àárọ̀ yìí ni mi ò rántí ẹ̀. Ẹ má bínú."

"Àwọn èèyàn yẹn tún yin àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n ní ọkàn àgbà wà nínú wọn. Wọ́n dà nínú ìwé yín?"

Mo kà nípa wọn o. Mo fò wọ́n ni, torí wọn ò bá ọ̀rọ̀ bàbá bàbá mi mu. Ẹ̀rù ń bà mí, àmọ́ mo jẹ́wọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi ìbéèrè gbo mí bí aṣọ fún odindi wákàtí kan. Níkẹyìn, ó ní mo yege, àmọ́ òun ò ní buwọ́ lùwé títí n ó fi kọ orí kan kún un nípa àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́gbọ́n. Ó lọ mú kóòtù mi wá fúnra ẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín gbé e wọ̀?"

Látìgbà náà, mo ṣì ń kí àgbà níbikíbi tí mo bá dé, àmọ́ mo máa ń gbọ́ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá kí n tó yánu, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ́ kóòtù mi. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, Auntie Bọ́lá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣó o kí àgbà ibẹ̀ dáadáa?"

"Mo kí wọn, mà," mo ní, ẹ̀rín sì ti fẹ́ pa mí. "Wọ́n ti bá wa tún híta ṣe."