Oríta Iwájú Ilé Mọ̀mí Ardis

Ẹjọ́ kan já lu gbọ̀ngàn ìlú Hegdal ní Minnesota lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹ wá wo ẹjọ́! Mọ̀mí Ardis Kvam, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ló pe Verlyn Brekke lẹ́jọ́ níwájú Gaylen, olórí ìlú, àti ìgbìmọ̀ rẹ̀.

“Pátákó ‘Dúró’ tó ń dá mọ́tò dúró ni mo fẹ́ ní oríta iwájú ilé mi,” ni Ardis wí. “Òdìkejì títì ni ẹ̀gbọ́n mi, Ione, ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ti irin arúgbó rìn, wọn ò lè sọdá mọ́, nítorí eré tí Verlyn ń sá. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń dá kọfí àárọ̀ mu. Àárò wọn ń sọ mí!”

“Kí ló dé tẹ́yin ò lọ bá wọn?”

“Olórí, kọfí wọn ò ṣeé mu.”

Gbogbo ìgbìmọ̀ mi orí. Wọ́n ti tọ́ ọ wò rí.

Verlyn dìde, ó ṣí fìlà. “Mi ò bá Mọ̀mí jà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oríta ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ri pátákó sí nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwa mẹ́rin pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní, ‘Ẹ máa lọ.’ Wọ́n ní, ‘Ó tì o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ.’ A juwọ́ síra wa títí oúnjẹ tí mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fi di yìnyín. Ìyàwó Orville, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin, hun ìbọ̀sẹ̀ méjì parí nínú mọ́tò!”

“Ṣé o máa ń sáré àbí o kì í sáré?” ni Gaylen bi í.

“Mo ń sáré kí n má baà pàdé ẹni tí màá ní kó kọ́kọ́ lọ.”

Wọ́n pe Dorrance, tó ń pín lẹ́tà.

“Verlyn kì í sáré rárá. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń wakọ̀.”

“Kí lo wá ń ṣe nínú kòtò lọ́jọ́ Fúráìdè?”

“Mo ń yà fún un ni.”

“Ṣé kò gbá ọ?”

“Ó kí mi dáadáa bó ṣe ń kọjá.”

Lavonne, akọ̀wé, ṣí ìwé òfin. “A ò gbọdọ̀ ri pátákó àfi tí mọ́tò bá kọlura lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ní.”

“Àpótí lẹ́tà mi tó wó ńkọ́?”

“Ìyẹn kì í ṣe mọ́tò, Mọ̀mí.”

Ọkàn Ardis rẹ̀wẹ̀sì. Gaylen họrí. “Ó ku ẹyọ kan. Ní Sátidé, láago mẹ́wàá, kí Mọ̀mí wa mọ́tò wọn wá, kí Verlyn wa tiẹ̀ wá, kẹ́ ẹ rọra kọlura níwájú wa. Lavonne, gbé kéèkì dání.”

Nígbà tó di Sátidé, ìgbìmọ̀ to àga sẹ́bàá títì. Mọ́tò méjèèjì dé oríta. Méjèèjì dúró.

“Mọ̀mí, ẹ kọ́kọ́ gbá mi.”

“Ó tì o, Verlyn, ìwọ ni kó o ṣáájú.”

“Èmi kẹ̀? Àgbà ni yín!”

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Àwọn mọ́tò mìíràn tò sẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó fọn họ́ọ̀nù. Ione bá ti irin rẹ̀ jáde, ó gba àárín wọn kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ ilé Ardis lọ.

Gaylen dìde. “Ìdájọ́ mi rèé. Ẹ ò kọlura, ẹ ti tàpá sáṣẹ ìlú. Láràárọ̀, láago mẹ́wàá, kẹ́ ẹ máa padà wá síbí wá gbìyànjú ẹ̀, títí ọ̀kan nínú yín yóò fi ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.”

“A ó kú síbí nìyẹn!” ni Verlyn ké.

Ardis ò gbọ́ tiẹ̀. Ẹkún ayọ̀ ti gbà á: láràárọ̀ ni Ione yóò máa ráyè sọdá. Ó yọrí lójú fèrèsé mọ́tò. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó o! Ẹ má fọwọ́ kan kọfí yẹn, mò ń bọ̀!”