Bí Búsàrí Àdìgún Ṣe Ṣẹ́gun Eṣinṣin Inú Ilé Ìhunṣọ

Ẹ pa ẹnu mọ́, ẹ la etí, orúkọ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ dá! Búsàrí Àdìgún, ọmọ Sálámì ahunṣọ-má-wẹ̀yìn, ọmọ-ọmọ Àtàndá tó hun aṣọ fún ọba mẹ́ta, tí ọba kẹrin wàjà kí tirẹ̀ tó kúrò lórí òfì, ọmọ àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́ tí àwọn tó dúró ń kí wọn kú àárọ̀! Ìdílé wọn kò jagun rí, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí ogun dé, abẹ́ òfì ni bàbá ńlá wọn sá sí. Ṣùgbọ́n ológun wo ló lọ sójú ogun níhòòhò? Aṣọ ni wọ́n wọ̀ lọ, ilé Àdìgún ló sì hun ún, nítorí náà ìdajì gbogbo ìṣẹ́gun jẹ́ tiwọn. Ẹni tí kò bá gbà, kó bọ́ aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ.

Èmi Tìjání ni mò ń sọ̀rọ̀, tí òfì mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Wọn ò sọ fún mi, ojú mi ló ṣe. Kódà fìlà mi fara gbọgbẹ́ nínú ogun náà, ẹ ní sùúrù, mo máa dé ibẹ̀.

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, nǹkan funfun kan bo ojú Àdìgún méjèèjì bí awọ tó ń dà bo orí ẹ̀kọ gbígbóná. Síbẹ̀ kò kúrò lórí òfì. Ọkọ̀, igi gbígbẹ́ tí òwú ń gbé inú rẹ̀ sáré láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí tòsì, etí ló fi ń gbọ́ bíbọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń mọ ibi tó dé. Nígbà tó di oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ṣí ojú náà fún un ní ilé ìwòsàn. Ó dé, ó ka ewé orí igi, ó ka èèrà ara ògiri, ó wá wo ojú mi, ó ní, "Yéè! Tìjání, ṣé bí o ṣe gbó tó nìyí?" Mo fi orí jì í.

Àfi bó ṣe padà sórí òfì tí ìtìjú dé. Ọkọ̀ tí afọ́jú ń hán, aríran ò lè hán an mọ́! Á sọ ọ́ lọ́tùn-ún, ojú á sáré tẹ̀ lé e, ọwọ́ òsì á pẹ́ kó tó dé, ó di gbà lórí ilẹ̀. Lójúmọ́ kan mo kà á, ó jábọ́ nígbà mọ́kànlélógún. Nọ́ọ̀sì Ìbídùn láti ilé ìwòsàn náà, obìnrin kékeré tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gbé inú orí ènìyàn rí, là á yé e lójú mi. Ó ní, "Bàbá, ojú yín ti mọ́. Ọpọlọ yín ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ojú kì í dá rìn. Etí á gbọ́, ara á mọ̀ ọ́n lára, ojú náà á rí fìrí, gbogbo wọn á kó ìròyìn lọ bá ọpọlọ, ọpọlọ á wá rán ojú pé, fò lọ síbí, fò lọ sọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́ta ni tiyín fi gbọ́ ti etí àti ọwọ́ nìkan. Ojú ti dé báyìí, kò mọ ti ta ni kó gbọ́. Ẹ fún wọn láyè, wọn á rẹ́." Àdìgún mi kanlẹ̀, ó ní, "Ìjà ìdílé ló wà lórí mi nìyẹn."

Sìdíkátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, kò ní sùúrù ìjà ìdílé. Ìyá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, ọkàn rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ lórí bàbá tó ń dá gbé. Ó wá lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ó di ẹrù bàbá rẹ̀, ó ní mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àlàásárì. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Bàbá. Ẹ wá jókòó lọ́dọ̀ mi, kí n máa rí yín." Ọmọ dáadáa ni, ìfẹ́ ló ń bá a jà. Ṣùgbọ́n Àdìgún yíjú sí mi, ó ní, "Tìjání, tí mo bá dé Ìbàdàn, kí ni màá máa fi ọwọ́ méjèèjì yìí ṣe?" Ó dùn mí wọ egungun, bẹ́ẹ̀ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ibi tí òfì rẹ̀ wà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé jù, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí.

Ìgbà náà ni ọ̀tá wọlé.

Eṣinṣin ni, ẹ rọra rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, mélòó lẹ ti fọwọ́ mú rí? Aláyà líle, abìyẹ́ tí kò sanwó odò kó tó wọ inú omi ọbẹ̀, àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn, ó bà sórí aṣọ ìyàwó funfun tó wà lórí òfì Àdìgún, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Àdìgún fa asà yọ, igi tí a fi ń gbá òwú jọ, ó là á mọ́ ọn. Eṣinṣin ti lọ. Fìlà mi ni asà bá, fìlà fò, ó kó sínú abọ́ gàrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi tútù sí.

"Bàbá, ẹ ò rí i bí?" ni Sìdíkátù wí, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Eṣinṣin lásán, ẹ ò lè bá a."

Ẹ̀jẹ̀ Àtàndá ru! Àdìgún dìde dúró, ó ní, "Tí mo bá fi ọwọ́ òfìfo mú un kí mọ́tò tó dé ńkọ́?"

"Ẹ mú un, màá ní kí dẹ́rẹ́bà máa padà lọ."

Ogun bẹ̀rẹ̀. Àdìgún lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó lé e padà. Ó gbá òpó, ó gbá itan ara rẹ̀, ó gbá ẹ̀yìn mi, tí eṣinṣin kò sì sí lẹ́yìn mi rárá. Ibi tí eṣinṣin ti kúrò ni ojú rẹ̀ máa ń dé. Wọ́n ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí, a sì gbọ́ fèrè mọ́tò lókèèrè. Inú bí mi. Ìmọ́lẹ̀ òfì kúrò lọ́kàn mi, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní, "Àdìgún! Kí lo máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ tó bá ń fi ojú lé ọkọ̀ kiri?"

Ó dúró gbagidi. "Mo máa ń sọ pé kó má lé e. Kó lọ dè é níbi tó ń bọ̀."

"Ṣé eṣinṣin wá ju ọkọ̀ lọ ni?"

Ó padà sórí òfì, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ.

Háà, ẹ wá wo akọni lórí ìtẹ́! Ó sọ ọkọ̀ lọ́tùn-ún, ó hán an lósì, ó gbá òwú jọ, gbà, gbà, gbà. Ara rẹ̀ ń mì síwá mì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúró ṣinṣin bí omi inú agbè tí arúgbó rù. Eṣinṣin kùn yùn-ún lápá òsì, etí kó ìròyìn lọ, ojú fò síbẹ̀, ó padà bá òwú kí ọkọ̀ tó dé. Ó kùn lókè, ojú fò lọ, ó tún padà. Eṣinṣin fẹ́ yún un létí, kò mira. Eṣinṣin kò mọ ikú, jíjẹ ni tirẹ̀, aṣọ funfun ló ń pè é. Ìkùn náà rọlẹ̀, ó ń sún mọ́lé, Àdìgún olójú-dé-ṣáájú, Àdìgún adè-má-lé, ọkùnrin tí orí rẹ̀ ti parí ìjà ìdílé, ó fi ojú sí etí aṣọ níbi tí eṣinṣin kò tíì dé, ó la àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, eṣinṣin sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ẹ̀wọ̀n. Ọwọ́ pa dé. Wàì!

Mo ké bí ẹni tó rí oṣù ààwẹ̀. Àdìgún la ọwọ́, ọ̀tá ti kú fin-ín-fin-ín, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

Sìdíkátù kò wo eṣinṣin. Aṣọ ló ń wò. Ó fi ìka wọn ibi tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun, ó tó ìbú ọwọ́ mẹ́ta. "Bàbá," ó ní, "ọkọ̀ ò jábọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Àdìgún wo aṣọ, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò mọ̀! Ọkùnrin náà ń ṣọ́ eṣinṣin, kò mọ̀ pé iṣẹ́ òun ti padà sọ́wọ́ òun. Ó sunkún, mi ò ní bò ó, èmi náà sì bá a sun ún díẹ̀. Sìdíkátù jáde lọ bá dẹ́rẹ́bà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa padà lọ. Nígbà tó wọlé, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó sílẹ̀, ó ń ká òwú fún bàbá rẹ̀, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tó ti relé ọkọ.

Nítorí náà, kí ará oko gbọ́, kí ará ilé gbọ́, kí gbogbo abìyẹ́ tó ń bà láìtọrọ ààyè gbọ́: ní Ìsẹ́yìn lónìí, kí oòrùn tó wọ̀, eṣinṣin kan kú, ahunṣọ kan sì jí!