Àlejò Tó Kọ Omi

Odò Sava ya wọ ìlú, ó sì rọ́ sínú àwọn kànga tí ilé iṣẹ́ omi ti ń fa omi. Omi kún ilé, omi kún òpópónà, kò sì sí èyí tó ṣeé mu níbẹ̀. Nígbà tí omi náà fà sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ náà ní kí Ratomir, òṣìṣẹ́ wọn, máa kanlẹ̀kùn kiri pé omi ẹ̀rọ ti dára, kí ọkọ̀ tó ń pín omi mímọ́ lè kúrò ládùúgbò. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ ni. Mama Desanka, ìyá àgbà kan ládùúgbò náà, fà á wọlé, ó gbé ife omi kan síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí slatko, èso tí wọ́n fi ṣúgà sè títí tó fi ń fà.

"Lá a, ọmọ mi, kó o fi omi lé e."

Ratomir lá a. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́fun. Kò fọwọ́ kan ife.

"Ẹ ṣé, Mama. Omi ti dára o. Ọ̀gá wa sọ ọ́ lórí rédíò."

"Ṣé ó mu ún lórí rédíò?"

"Ó sọ ọ́ ni, Mama."

"Ẹnu tó fi sọ ọ́ náà la fi ń mu omi. Mu tìẹ."

"Mo ti mu kí n tó jáde."

"Omi wo?"

"Ti... inú ike."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ilé iṣẹ́ omi ń ra omi mu!"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí ni." Ohùn rẹ̀ ti há.

"Kò burú. Jẹ́ n se kọfí."

"Kọfí dáa! Ẹ jẹ́ kó hó o. Kó hó pẹ́."

"Omi tó ti dára, kí ló fẹ́ hó pẹ́ fún?"

Mama rọ ohùn.

"Ọmọ mi, lónìí ni ìyàwó ọmọ mi ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé omi yìí ni kí n fi po mílíìkì rẹ̀?"

Ó gbé ife náà, ó fẹ́ dà á sínú fídà ọmọ náà.

"Ẹ má dán an wò!" Ratomir fò dìde, ó fi fóònù pe ọ́fíìsì. "Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ omi kúrò o! Bí ọ̀gá bá bínú, kó wá mu ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀!"

Ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Ara tù ú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mama gbé ife náà padà síwájú rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó yá, mu omi."

"Mama, ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí mo sọ!"

"Inú ọkọ̀ omi ni mo ti pọn ọ́n. Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni, tí màá fi gbé omi ẹ̀rọ yín síwájú àlejò?"