Igbá Baba Ọdẹ́jìmí àti Ìkòkò Tíì Mẹ́ta

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ń pa á lówe pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣé ẹnikẹ́ni ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí? Tíṣà yóò ní ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀làwọ́ ni. Àlùfáà yóò ní ọ̀rọ̀ ọ̀run ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tíì ni.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Òtútù. Orí òkè ni ìlú náà wà, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe ọyẹ́ àwàdà. Bí ó bá dé, àkùkọ ibẹ̀ kì í kọ mọ́, ikọ́ ló máa ń wú. Ẹni tó bá kí aládùúgbò rẹ̀ "ẹ káàárọ̀", ó di ọ̀sán kí eyín rẹ̀ tó dákẹ́. Nítorí náà, tíì ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Mi ò sọ tíì lásán tí a ń da omi gbígbóná sí lórí o. Tíì tí wọ́n fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè, tí òórùn rẹ̀ lè jí aláìsàn dìde kó wá béèrè ife.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ mú, apotíì mẹ́ta yóò gbé ìkòkò kaná ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá odò. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mú ọ̀kan, òun sì ni gbogbo ìlú yóò máa mu títí ọyẹ́ yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Àga kan ṣoṣo ló máa ń wà níwájú. Àgbà tó ń tọ́ tíì wò ló ń jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bẹ́ǹṣì wà, níbi tí àwọn ọmọdé mẹ́fà ń jókòó sí. Bí mo ṣe pè wọ́n ní ọmọdé yìí, ẹ má rò pé wọ́n ń fà wọ́n lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn ti ní ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n ní Òkè-Òtútù, ẹni tí kò bá tí ì jókòó sórí àga iwájú, ọmọdé ni, ìbáà jẹ́ pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan ìdodo. Bí àgbà bá mu ìdajì ife, yóò gba orí èjìká gbé e sẹ́yìn, kí àwọn ọmọdé mu ìyókù. Bí ìdájọ́ bá parí, àwọn apotíì yóò kó ẹ̀bùn sínú igbá ńlá kan tó jẹ́ ti àgbà náà. Àwọn ọmọdé yóò rù ú gun òkè dé ilé rẹ̀, wọ́n á sì pín nínú rẹ̀ níbẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló le níbẹ̀. Àgbà tó bá fi orí ara rẹ̀ ru ẹrù wọ̀lú ti di ọmọdé padà nìyẹn. Àga bọ́, bẹ́ǹṣì kù. Kò sí ẹ dákun níbẹ̀.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, Baba Ọdẹ́jìmí ni àga kàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè bá baba yìí wí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìkangun pátápátá ni wọ́n sì fi í sí. Kí ife tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu márùn-ún ti gbà á kọjá. Ohun tó máa ń bá nínú rẹ̀ ni ewé kan àti irun àgbọ̀n ẹni ẹlẹ́ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà ló fi ru igbá àwọn ẹlòmíràn gun òkè, títí àtàrí rẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ṣíjúadé, tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Baba Ṣíjúadé, ẹ rántí àwọn ará ẹ̀yìn o."

"Ará ẹ̀yìn wo? Èmi gan-an ni ará ẹ̀yìn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo sì ti rántí ara mi."

Ó jókòó sórí àga iwájú. Ó tún agbádá ṣe. Kò wẹ̀yìn.

Nínú àwọn apotíì, Ìyá Làmídì ló kọ́kọ́ bu tirẹ̀ wá. Atalẹ̀ nìkan ni ìyá yìí gbà gbọ́. Ẹni tó bá mu tíì rẹ̀ máa ń rántí orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ lójijì. Baba mu ife kan gbẹ.

"Báwo ni, Baba?"

"Ahọ́n mi kò tí ì jí. Ẹ bù ú sí i."

Ó mu ìkejì.

"Ó ti ń jí. Apá òsì ni o."

Lẹ́yìn ìkẹrin, tí ahọ́n ti jí tọ̀tún tòsì, tó ti wẹ̀ tó ti wọṣọ, Rábíátù ọlọ́ṣẹ wúkọ́ láti orí bẹ́ǹṣì.

"Baba, ẹ̀yìn ń tutù o."

Baba kò yí ọrùn padà. "Ìdájọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́."

Ó kan Málàm Gàmbò. Tíì oní-mílíìkì ni tirẹ̀, ó kún fún kànáfùrù. Yóò gbé ife kan sókè dé orí, yóò gbé ìkejì sí ìbàdí, yóò sì máa da tíì láti òkè sísàlẹ̀, á gùn bí okùn kànga. Baba mu ife mẹ́fà. Ó ní ife àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìkíni, kò sí lára ìdájọ́.

Lẹ́yìn náà ni Morádékẹ́ gbé tirẹ̀ dé, ewé tíì àti ẹ̀ẹ̀rù pẹ̀lú atare díẹ̀. Baba mu ún, ó dijú. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n òun kò lè mọ bó ṣe dára tó àfi kí òun fi wé ti Ìyá Làmídì. Wọ́n bu ti Ìyá Làmídì. Ìgbà tó mu ìyẹn tán, ó ti gbàgbé ti Málàm. Wọ́n bu ti Málàm. Ìgbà tó mu ti Málàm tán, ta ni Morádékẹ́? Ife mẹ́tàdínlógún ni ìfiwéra yìí gbà. Nígbà tí ìkòkò gbẹ, baba ní kí wọ́n kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ atalẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ wá, ó sì jẹ ẹ́.

"Ẹ̀rí ni," ó wí. "A kì í da ẹ̀rí nù."

Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Rábíátù ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ wo ọṣẹ tó wà lórí iná. Kò sí ọṣẹ kankan lórí iná. Ẹnìkan ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́ láti wo ọṣẹ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku Sùnmọ́nù aránṣọ nìkan. Sùnmọ́nù náà wo ẹ̀yìn orí baba títí, ó mí kanlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gba ọ̀nà òkè lọ. Ewúrẹ́ kan tó ń kọjá rí bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ó gùn ún, ó jókòó.

Àwọn apotíì rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí apotíì bá adájọ́ sọ ohunkóhun yàtọ̀ sí tíì, kí wọ́n má baà ní ó ń wá ojúrere. Málàm Gàmbò ń fi ojú júwe ẹ̀yìn fún un, ojú náà ń yí bíríbírí. Baba wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Málàm, kànáfùrù rẹ pọ̀ jù. Wo bó ṣe ń ṣe ìwọ tóo sè é lójú."

Ewúrẹ́ dá sí i láti ẹ̀yìn: "Mẹ́ẹ̀ẹ́!"

"Mo gbọ́, Sùnmọ́nù. Ní sùúrù."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́ẹ̀!"

"Bóo bá tún dá mi lóhùn, n ó ní kí wọ́n lé ọ kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn!"

Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti mu mọ́ àfi odò, baba dìde. Ikùn rẹ̀ ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Òtútù, lẹ́yìn ìwádìí tó jinlẹ̀, mo ti rí i dájú pé tíì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Baba jókòó padà, ó ti ṣiṣẹ́ ìlú.

Ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ má wọlé. Wọ́n kó agolo mílíìkì sínú igbá, wọ́n kó ìdì atalẹ̀, wọ́n gbé ààbọ̀ àpò ṣúgà lé e. Ìyá Làmídì gbé ìkòkò rẹ̀ tó ti ṣófo kalẹ̀ sórí gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò rí ohun tí òun tún fẹ́ fi í ṣe lọ́dún yìí. Àwọn méjì tó kù ro ọ̀rọ̀ náà, wọ́n gbé tiwọn lé e.

"Ó yá, ẹ̀yin ọmọdé," baba wí, "ẹ gbé e."

Ó wá wẹ̀yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó rí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ náà rí i.

"Sùnmọ́nù dà?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́," ewúrẹ́ dáhùn.

Ara baba tutù ju ọyẹ́ lọ. Bó bá fi igbá sílẹ̀ níbẹ̀, ìdájọ́ ti fọ́, ẹlòmíràn yóò jókòó sórí àga lọ́la. Bó bá rù ú, ó ti di ọmọdé. Apotíì kò sì lè bá a rù ú, wọ́n á ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ó ronú títí, ojú rẹ̀ wá là.

"Ẹ gbé e kà mí lórí," ó wí. "Ẹrù kọ́. Fìlà ni."

Wọ́n gbé fìlà náà kà á lórí. Ènìyàn mẹ́ta ló gbé e.

Baba ń gun òkè. Ọwọ́ méjèèjì di igbá mú, tíì ń ru gùdù níkùn, ó sì ti ń wá ibi tí yóò yà sí. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ta ni yóò gbé e rù ú padà? Ó fún itan pọ̀, ó ń rìn lọ. Ẹsẹ̀ ìkòkò kan sì ti dá àpò ṣúgà lu. Ṣúgà ń ṣàn sí i lọ́rùn, ó ń gba inú agbádá bọ́ sílẹ̀. Ewúrẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń lá ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, ó ń lá gìgísẹ̀ baba.

Obìnrin kan tó ru korobá omi bọ̀ láti odò bá a lọ́nà.

"Ẹ kú ẹrù o, Baba."

"Ẹrù kọ́. Fìlà ọyẹ́ ni."

Obìnrin náà wo ìkòkò mẹ́ta tó wà lórí fìlà. "Ó yẹ yín. Ṣé ewúrẹ́ yẹn náà wà lára aṣọ ni?"

Ó ya baba sílẹ̀, ìròyìn sì bá a wọ òkè.

Ní agbedeméjì ọ̀nà ni àtíbàbà Rábíátù wà. Àwọn ọmọdé mẹ́fẹ̀ẹ̀fa tò síbẹ̀ rẹgírẹgí, oníkálukú pẹ̀lú ife tíì tó ń rú èéfín.

"Ẹ kú fìlà o, Baba!"

"Sùnmọ́nù! Ọlọ́run ló rán ọ sí mi. Wá gbà á!"

Sùnmọ́nù dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Baba, bó bá jẹ́ ẹrù ni, à bá ti gbà á. Ṣé ẹrù ni?"

Baba wo òkè. Ó gbọ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe ń ké. Ewúrẹ́ ti dé orúnkún. Ó rántí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Fìlà ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré.

"A kì í ṣí fìlà lórí àgbà, Baba."

"Rábíátù, ìwọ ńkọ́? Ṣáà bá mi dì í mú díẹ̀!"

"Ìdájọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́," Rábíátù dáhùn, ó sì mu tíì rẹ̀. "Ahọ́n wa kò tí ì jí."

Baba ń lọ. Àwọn mẹ́fà náà gbé ife wọn, wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ewúrẹ́. Bí ó ṣe wọ ẹnu ìlú báyìí, ta ló jókòó síta tó ń yáná? Baálẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà. Ọkùnrin kì í dé fìlà kí Baálẹ̀.

"Ọdẹ́jìmí," Baálẹ̀ wí, "mo gbọ́ pé o ra fìlà."

"Ẹ kú yíyá iná, Baálẹ̀."

"O sì dé e kí mi."

Baba dúró. Òógùn àti ṣúgà ń ṣàn pọ̀ lójú rẹ̀. Ó gbìyànjú láti ṣí i. Ó gbé e sókè ní ìwọ̀n ìka kan, ọrùn rẹ̀ dún kẹ̀kẹ̀, igbá padà síbi tó wà. Ó tún gbìyànjú. Ewúrẹ́ ti ki orí bọ inú agbádá, ó ń lá a níbàdí, baba ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kò fẹ́.

"Baálẹ̀," ó pariwo, "ẹrù ni! Ẹrù ni! Ẹrù ni látàárọ̀!"

Àwọn ọmọdé mẹ́fà ju ife sílẹ̀, wọ́n sáré sí i. "Ẹrù kẹ̀! Baba, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti wọ̀lú. Ẹni tó ti rù ú dé ibí, kó kúkú rù ú délé."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rù ú kọjá láàárín ìlú. Àwọn ènìyàn jáde síta láti kí fìlà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá Ṣíjúadé bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Baba sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó jáde, ìyàwó rẹ̀ ti dúró dè é.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Òtútù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín. Mo ti se tíì kalẹ̀ fún yín."

Baba wo ife náà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó gbà á, ó fẹnu kàn án. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó gba orí èjìká gbé ìyókù sẹ́yìn.

"Sùnmọ́nù," ó wí, "gba tìrẹ."

Ewúrẹ́ mu ún gbẹ.

Láti ìgbà náà ni Sùnmọ́nù aránṣọ ti jókòó sórí àga iwájú. Bó bá mu ẹ̀kán kan, á wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, ọrùn rẹ̀ kò sì tọ́ mọ́ títí òjò fi dé. Baba Ọdẹ́jìmí wà ní ìkangun bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní ife tó ń kàn án báyìí máa ń gbóná, ó sì máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e, ẹni náà sì máa ń dáhùn pé "mẹ́ẹ̀ẹ́".

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pa á lówe, ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bó tilẹ̀ pè é ní fìlà.